Ènìyàn Mélòó Ni Ó Wà Nínú Rẹ̀?

Ọ̀ràn kan ṣẹlẹ̀ ní gbọ̀ngàn ìjọ wa ní Igbó Ẹfọ̀n ní oṣù keje tí a kò tí ì lè gbé kúrò lọ́kàn, a sì rò pé ó yẹ kí a fi í síwájú yín, kí ẹ lè bá wa gbé e yẹ̀ wò.

Ọjọ́ Sátidé ni. Òjò ńlá ti ń rọ̀ láti òwúrọ̀, omi sì bo ojú ọ̀nà, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń rí ní apá ibi tiwa yìí ní ìgbà òjò, tí ó fi jẹ́ pé àwọn akọrin tí wọ́n wá fún ìdánrawò kò lè padà sí ilé. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin wa, ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní ojú ọ̀nà tí ó lọ sí Ẹ̀pẹ́, gbé àpótí kan jáde láti inú ọkọ̀ rẹ̀. Ó tẹ́ aṣọ aláwọ̀ iyanrìn sórí tábìlì, ó to òkúta wẹ́wẹ́ lé e bí ẹni pé òkè ni wọ́n, lẹ́yìn náà ni ó kó àwọn ọkọ̀ ogun onírin kéékèèké jáde, irú èyí tí àwọn ológun ń pè ní táńkì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ. Ó ní eré ni, pé ìjà kan tí a jà ní tòótọ́ ní aginjù Íjíbítì ní ọdún 1942 ni àwọn yóò tún jà lórí tábìlì, pẹ̀lú tépù tí a fi ń wọn nǹkan àti dáìsì méjì bí ti lúdò. Kò pẹ́ tí ọ̀dọ́ mẹ́fà fi yí tábìlì náà ká. A jókòó tì wọ́n, a sì jẹ́wọ́ pé ó dùn mọ́ wa.

Nígbà tí ó ṣe, ọ̀kan nínú wọn ju dáìsì, ó bọ́ sí mẹ́fà àti mẹ́fà, gbogbo wọn sì hó yèè pé, "Ó ti jóná! Ó ti jóná!" Ẹni tí ó ni ọkọ̀ náà rẹ́rìn-ín, ó mú un kúrò, ó sì fi òwú dúdú díẹ̀ sí ipò rẹ̀ kí ó lè dà bí èéfín. Ìyá kan wà ní ìkángun gbọ̀ngàn náà, ọ̀kan nínú Ẹgbẹ́ Àwọn Ìyá, tí ó ń to òdòdó fún pẹpẹ. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin jẹ́ sójà, ní Borno ni ó sì wà. Ó fi òdòdó sílẹ̀, ó wá sí ìdí tábìlì, ó wo ibi tí òwú dúdú náà wà, ó sì bèèrè ní ohùn pẹ̀lẹ́ pé, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ènìyàn mélòó ni ó wà nínú rẹ̀?"

Kò sí ẹni tí ó dá a lóhùn. Kì í ṣe pé wọ́n gbójú sí i. Wọn kò mọ̀ ni. Màmá náà dúró díẹ̀, ó sì padà sí ìdí òdòdó rẹ̀. Eré náà tú ká níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òjò kò tí ì dá.

Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn òwúrọ̀, alàgbà kan pè wá sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní kí a fòfin de eré náà nítorí dáìsì tí wọ́n ń jù, pé tẹ́tẹ́ ni. Èyí kò gbà wá ní àkókò púpọ̀. Wọn kò fi owó lé e, kò sì sí ẹni tí ó pàdánù kọ́bọ̀. Àwọn àpọ́sítélì pàápàá ṣẹ́ kèké nígbà tí wọ́n ń wá ẹni tí yóò rọ́pò Júdásì. Alàgbà kejì ni ó sọ èyí tí ó wúwo. Ó rán wa létí orí kejì ìwé Sámúẹ́lì kejì, níbi tí Ábínérì ti sọ fún Jóábù ní ẹ̀bá adágún omi Gíbéónì pé kí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin dìde kí wọ́n ṣeré níwájú àwọn. Ọkùnrin méjìlá dìde ní ìhà ìhín, méjìlá ní ìhà ọ̀hún, olúkúlùkù fi idà gún ẹnìkejì rẹ̀, gbogbo wọn sì ṣubú papọ̀. Ó ní ogun kì í ṣe ohun tí ọmọ Kristẹni ń fi ṣeré, òpin ọ̀rọ̀ nìyẹn.

Bí a bá gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ó ti sọ ọ́, iṣẹ́ púpọ̀ ń bẹ fún wa láti ṣe. A ó kọ́kọ́ kó ọpọ́n ayò kúrò níwájú àwọn bàbá wa, nítorí ìkógun ni ayò, ẹni tí ó bá sì ti jókòó ti ọ̀ta níbi tí ó ti ń kó ọmọ ayò ọ̀pẹ tán mọ̀ pé kò sí àánú nínú rẹ̀. A ó sọ fún àwọn ọmọ Boys' Brigade pé kí wọ́n má ṣe yan mọ́, nítorí bí ológun ni wọ́n ṣe ń yan. A ó sì fa púpọ̀ ya kúrò nínú ìwé orin wa, nínú èyí tí a ń pe ara wa ní ọmọ ogun Jésù. Orúkọ ibùgbé wa yìí gan-an ńkọ́? Ẹfọ̀n kì í ṣe ẹran tí a ń fi ọwọ́ lásán mú, àwọn ọmọ ọdẹ a sì máa fi igi ṣe ìbọn láyé àtijọ́, wọn a máa dọdẹ ara wọn kiri ẹ̀yìnkùlé, kò sì sí ẹni tí ó pe èyí ní ẹ̀ṣẹ̀. (Ilé alájà àti ọkọ̀ ni ó kún inú igbó náà nísinsìnyí, ẹfọ̀n ti lọ.) Nítorí náà a kò rò pé fífi ogun ṣeré nìkan ni ó gún Màmá yẹn lọ́kàn. Ohun mìíràn ni, ó sì yẹ kí a mọ ohun tí wọ́n ń fi ṣeré náà dáadáa kí a tó lè sọ ọ́.

Ìjà tí ó wà lórí tábìlì yẹn jẹ́ apá kan nínú ìjà ńlá Alamein, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ 23 oṣù kẹwàá ọdún 1942, láàárín àwọn ọmọ ogun Ọ̀gágun Montgomery àti ti Ọ̀gágun Rommel, ará Jámánì. Ní òru ọjọ́ 26, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan láti inú Rifle Brigade, tí Victor Turner jẹ́ olórí wọn, gba inú òkùnkùn lọ sí àfonífojì kékeré kan tí kò jìn nínú aginjù, ibi tí wọ́n sọ ní Snipe. Ìbọn ńlá mọ́kàndínlógún tí a fi ń fọ́ táńkì ni ó wà lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n rí i pé àárín àwọn táńkì Jámánì àti ti Ítálì ni àwọn sùn sí. Láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú ni wọ́n fi jà nínú oòrùn, pẹ̀lú omi díẹ̀, tí ọta ìbọn sì ń tán lọ. Turner fara gbọgbẹ́ ní orí. Nígbà tí ìròyìn jáde pé táńkì tí wọ́n fọ́ lé ní àádọ́ta, àwọn ọ̀gá yan ìgbìmọ̀ kan láti lọ yẹ ojú ìjà náà wò, ìgbìmọ̀ náà sì fi ọwọ́ sí i pé wọ́n lé ní ọgbọ̀n. A fi Victoria Cross dá Turner lọ́lá. Ìtàn akọni ni, a kò sì ní kí ọmọ ẹnikẹ́ni má kà á.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí ohun tí ìgbìmọ̀ náà lọ kà. Irin ni wọ́n kà.

A yá ìwé òfin eré náà, a sì kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìwé tí a fi sùúrù kọ ni. Bí irin ara ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ti nípọn tó, bí ìbọn rẹ̀ ti lè ta jìnnà tó, bí ó ti lè sáré tó lórí iyanrìn àti lórí òkúta, gbogbo rẹ̀ ni a kọ síbẹ̀ ní nọ́ńbà. Olùkọ́ ni wá, a kò lè ṣàìyin irú aápọn bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, nínú gbogbo ojú ewé rẹ̀, a kò rí ibì kan tí a ti sọ iye ènìyàn tí ó wà nínú ọkọ̀ kan.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ tẹnu eré náà pẹ̀lú. Kì í ṣe ọmọdé ni ó dá a sílẹ̀. Àwọn ará Prussia, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Jámánì lónìí, ni wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́ di ẹ̀kọ́ fún àwọn ọ̀gágun wọn, nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin ológun kan tí ń jẹ́ Reisswitz gbé òfin eré tí bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ jáde ní ọdún 1824. Ní ìgbà Ogun Hitler, ní ọdún 1942, wọ́n dá ilé eré irú èyí sílẹ̀ ní Liverpool lábẹ́ Gilbert Roberts, àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin tí wọ́n gbà sí iṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi ni wọ́n sì pọ̀ jù nínú àwọn tí ń ṣe é. Ilẹ̀ gbọ̀ngàn ni òkun wọn, ẹfun ni wọ́n fi ń fa ọ̀nà tí ọkọ̀ gbà. Wọ́n a mú ọ̀gá ọkọ̀ dúró sẹ́yìn aṣọ títa, ihò kékeré ni yóò máa yọjú láti inú rẹ̀, kí ó má baà rí ju ohun tí ìbá rí lójú òkun gan-an lọ. Láti inú eré yẹn ni wọ́n ti rí ọgbọ́n tí àwọn ọkọ̀ fi ń lé ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn Jámánì, ọ̀pọ̀ atukọ̀ ni ó sì padà sí ọ̀dọ̀ aya àti ọmọ nítorí rẹ̀. Ta ni yóò pe èyí ní ẹ̀ṣẹ̀?

Ní ọdún yẹn kan náà, àwọn ará Jàpáànì ta irú eré bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó lọ sí Midway. Dáìsì dájọ́ pé bọ́ǹbù mẹ́sàn-án yóò ba àwọn ọkọ̀ ńlá wọn tí ń gbé bàálù, Akagi àti Kaga, méjèèjì yóò sì rì. Ọ̀gágun Ugaki, tí ó jẹ́ onídàájọ́ eré náà, ní rárá, ó ní mẹ́ta ni kí a kà. Bẹ́ẹ̀ ni a yọ Akagi kúrò nínú omi. Kaga tí a gbà pé ó rì, nígbà tí eré tí ó tẹ̀lé e bẹ̀rẹ̀, a tún gbé e padà sórí tábìlì. Ní oṣù kẹfà ọdún 1942, Akagi rì, Kaga rì, méjì mìíràn sì rì pẹ̀lú wọn, kò sì sí onídàájọ́ tí ó lè gbé ọ̀kan padà.

Nítorí náà eré lè sọ òtítọ́, ó sì lè purọ́. Ṣùgbọ́n kí a má fi èyí tan ara wa jẹ. Àwọn ọ̀dọ́ wa kì í ṣe ọ̀gá ọkọ̀, wọn kò sì ń múra àtigba atukọ̀ kankan là. Nítorí ìgbádùn ni wọ́n fi ń ta á. Ìgbádùn náà ni a ní láti bi léèrè.

Ìgbádùn méjì ni a rí ní ọjọ́ náà. Èkíní ni ti ìrònú: ọmọkùnrin kan yóò ká ọwọ́ lẹ́yìn, yóò wo tábìlì pẹ́, yóò sì rí ọ̀nà tí ẹnìkejì rẹ̀ kò rí. Kò sí ibi nínú èyí. Ó wù wá kí wọ́n máa wo ìwé bẹ́ẹ̀. Èkejì ni ti ariwo yẹn. Ohun tí wọ́n hó lé lórí ni pé nǹkan jóná. Bí a bá ti bi wọ́n nígbà náà, wọn ìbá sọ pé irin ni, wọn ìbá sì sọ òtítọ́ bí ọ̀ràn ti rí lójú wọn. Ẹ̀rí ọkàn wọn mọ́, nítorí ojú wọn kò rí inú rẹ̀.

Ọ̀kan nínú wọn sọ fún wa lẹ́yìn náà pé, "Bàbá, ọjọ́ ti pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún." Ìdáhùn tí ó mú ọgbọ́n dání ni, a sì ti ń rò ó láti ìgbà náà. Ṣé ọdún ni ó ń sọ ikú di ohun tí a lè fi ṣeré? Bí ẹnìkan bá gbé ogun Kírìjì sórí tábìlì lónìí, ogun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 tí àwọn àgọ́ rẹ̀ kò sì tú ká pátápátá títí di 1893, a rò pé ọ̀pọ̀ nínú wa yóò rẹ́rìn-ín, ará Ìbàdàn àti ará Èkìtì yóò sì fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n Àlùfáà Samuel Johnson àti Àlùfáà Charles Phillips, tí wọ́n ń rìn láàárín àgọ́ méjèèjì láti bá wọn wá àlàáfíà ní 1886, kò ní rẹ́rìn-ín. Bí ẹnìkan bá sì gbé ogun Borno sórí tábìlì, ogun tí ó ti ń jà láti 2009, gbogbo wa ni a ó sọ pé rárá, kódà ẹni tí kò ní ọmọ níbẹ̀. Nígbà wo ni rárá yóò di ẹ̀rín? Ní ogún ọdún ni, tàbí ní ọgọ́ta?

Àwa kò gbà pé kàlẹ́ńdà ni ó ń pinnu rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ẹnìkan ṣì ń retí, ogun náà kò tí ì di ti àná lọ́dọ̀ rẹ̀. Èyí tí ó sì nira ni pé a kì í mọ ẹni náà lójú. Òdòdó ni ó ń tò ní ìkángun gbọ̀ngàn.

Ohun kan wà tí ó dójú ti àwa fúnra wa jù. Ọmọkùnrin tí ó ni eré náà mọ orúkọ gbogbo táńkì Jámánì. A bi í léèrè bóyá ó mọ ohun tí Dodan jẹ́. Ó ní Dodan Barracks ni, ní Ìkòyí. A tún bi í ní ti Myhoung àti Marda ní Yábàá, ti Abalti ní Súrùlérè, ti Arakan ní Àpápá. Ó ní bárékè ni gbogbo wọn. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ojú ogun ni wọ́n kí wọ́n tó di bárékè. Marda jẹ́ àlàfo àárín òkè ní Etiópíà, níbi tí àwọn sójà Nàìjíríà ti bá àwọn ará Ítálì jà ní oṣù kẹta ọdún 1941. Ní Etiópíà náà ni Abalti wà. Àwọn yòókù wà ní Arakan ní ilẹ̀ Bọ́mà, níbi tí àwọn ọmọ wa ti bá àwọn ará Jàpáànì jà ní 1944 àti 1945. Nǹkan bí 90,000 ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà ni wọ́n kó lọ sí apá ibẹ̀. Ní àfonífojì Kaladan wọn kò ní táńkì. Orí ni wọ́n fi ru ẹrù, bàálù ni ó sì ń ju oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn láti òkè. Ojoojúmọ́ ni ọkọ̀ èrò ń pe orúkọ àwọn ibi wọ̀nyí nílùú Èkó, ẹni tí ó ń sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ kò sì mọ̀ pé ibojì ni a ń pè.

Ọmọ Emùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, Isaac Fadoyebo, wọ iṣẹ́ sójà ní 1942, nígbà tí kò tí ì ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lọ. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn tí ó fara pa ni wọ́n fún un. Ní oṣù kẹta ọdún 1944, ìbọn bà á ní ẹsẹ̀ lẹ́bàá odò Kaladan, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kú yí i ká, a sì fi òun àti David Kargbo, ará Sierra Leone, sílẹ̀ nínú igbó ní ẹ̀yìn àwọn ọ̀tá. Àwọn ará abúlé, Mùsùlùmí, ni wọ́n fi wọ́n pamọ́, tí wọ́n sì ń bọ́ wọn, títí a fi rí wọn ní oṣù kejìlá. Ó padà wá sí ilé pẹ̀lú ẹsẹ̀ títiro, ó kọ ìtàn náà sílẹ̀, ó sì wà láàyè títí di ọdún 2012. Ẹ wò ó, ẹ̀yin olùkọ́: ọdún 2012. A lè ti pè é wá sí ilé-ẹ̀kọ́ wa. A kò pè é. A ti fi ìdákẹ́ sin àwọn tiwa, a wá ń bínú sí ọmọdé pé ó ń fi òkú àwọn ẹlòmíràn ṣeré. Tábìlì yẹn ti kọ́ ọ ní ohun kan nípa 1942. Àwa kò kọ́ ọ ní nǹkan kan.

Ìdí nìyí tí a kò fi fòfin de eré náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú àwọn alàgbà wa méjèèjì kò dùn sí i. Òfin wa ìbá jẹ́ ìdákẹ́ mìíràn lórí ìdákẹ́. Ní ti Ábínérì àti Jóábù, ẹ jẹ́ kí a tún ìtàn náà kà. Àwọn ọ̀gágun méjì náà jókòó, ọ̀kan ní ìhà kan adágún, èkejì ní ìhà kejì, wọ́n sì ń wo ènìyàn bí ẹni ń wo ọmọ ayò. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni Dáfídì ṣe ní orí kẹtàlélógún ìwé kan náà, nígbà tí àwọn ọkùnrin mẹ́ta la ibùdó àwọn Fílístínì kọjá láti bu omi kànga Bẹ́tílẹ́hẹ́mù wá fún un. Òǹgbẹ ń gbẹ ẹ́, omi sì nìyí, ó sì dà á sílẹ̀ níwájú Olúwa. Omi náà kò yàtọ̀ sí omi mìíràn. Ojú Dáfídì ni ó rí ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, ọmọkùnrin wa mú ìwé pélébé kan wá bá wa. Ó ti lọ wádìí rẹ̀. Ènìyàn mẹ́rin ni ó ń wọ inú táńkì Ítálì, márùn-ún nínú ti Jámánì. Ó ti ṣe ìṣirò: bí ọkọ̀ ọgbọ̀n bá bàjẹ́ ní Snipe, ó kéré jù, ọgọ́fà ènìyàn ni ó wà nínú wọn, ó lè tó àádọ́jọ, àwọn kan bọ́ jáde, àwọn kan kò bọ́. Ó gbé ìwé náà lọ sí ilé Màmá yẹn fúnra rẹ̀. Àwa kò rán an, a kò sì bèèrè ohun tí wọ́n jọ sọ.

Ní Sátidé kejì wọ́n tún tẹ́ aṣọ iyanrìn náà. Ó ti gbé agolo wàrà kan wá, ẹ̀wà ni ó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀wà mẹ́rin ni ó to sí ẹ̀yìn táńkì Ítálì kọ̀ọ̀kan, márùn-ún sí ti Jámánì. Bí ìbọn bá sì ba ọkọ̀ kan, wọ́n ní láti ju dáìsì fún ẹ̀wà kọ̀ọ̀kan, kí a mọ èyí tí ó jáde àti èyí tí kò jáde. Ẹ̀wà kì í ṣe ènìyàn, a mọ̀. Eré náà falẹ̀ púpọ̀; nígbà tí ó fi di ìrọ̀lẹ́, wọn kò tí ì ta á dé ìdajì. Ọmọ méjì nínú àwọn mẹ́fà ní kò dùn mọ́, wọ́n sì lọ sí ilé. Màmá yẹn wá to òdòdó gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Nígbà tí ó ń kọjá lọ, ó rí ẹ̀wà kan nílẹ̀ lábẹ́ tábìlì, ó bẹ̀rẹ̀ mú un, ó sì bi wọ́n pé inú ọkọ̀ èwo ni ó ti bọ́.